Òfin Oúnjẹ Ọjọ́ Bọ́ọ̀lù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, òórùn lẹ́ẹ̀dì ló máa ń jí mi. Bàbá mi ń tún rédíò ṣe lẹ́yìn Challenge níbí ní Ìbàdàn. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, yàrá méjì tí à ń gbé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí màmá mi tó po ògì tán, irin tí bàbá fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà á ti gbóná, èéfín rẹ̀ á sì gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé wá bá wa. Ẹni tí òórùn yẹn bá ká mọ́ orí ẹní, ìgbátí ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn lẹ́ẹ̀dì níbikíbi, ọwọ́ mi á kàn máa wá ìgbálẹ̀ kiri ni.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà náà, ẹ ò ní ṣàìrántí. Omi ẹ̀rọ kì í yọ àfi ní àfẹ̀mọ́júmọ́. A ó to garawa sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó bá sì yà láti lọ tọ̀, kó tó dé, wọ́n á ti gbé tirẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Bí a bá pọnmi tán, a ó fọ abọ́ àná, a ó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, a ó sì fi ọwọ́ ṣa gbogbo wáyà wẹ́wẹ́ tó wà nílẹ̀, nítorí pé ìgbálẹ̀ kì í kó wọn dáadáa. Lẹ́yìn ilé-ìwé ni eré tẹ́ǹ-tẹ́ǹ àti sùwẹ̀, títí àtẹ́lẹsẹ̀ á fi máa ta èèyàn.

Ní ti ìjìyà, bàbá mi ní tirẹ̀ tí n kò rí nílé ẹlòmíràn. Bí mo bá ṣẹ̀, yóò ní kí n kúnlẹ̀, yóò gbé pákó rédíò tó ti kú lé mi lọ́wọ́, yóò ní kí n gbé e sókè títí ìròyìn á fi parí. Bó bá jẹ́ ìròyìn Yorùbá, mo mọ̀ pé àánú mi ṣe é. Bó bá jẹ́ tòyìnbó, mo ti dáràn, nítorí pé àwọn yẹn kì í tètè sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti òjò ní ìlú tí n kò mọ̀.

Ohun tó so gbogbo òpópónà wa pọ̀ nígbà náà ni bọ́ọ̀lù. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Olúyọ̀lé tó ń ṣe bísíkíìtì, ó sì ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ náà lórúkọ gidi nínú ìwé, ṣùgbọ́n Bísíkíìtì ni gbogbo ayé ń pè é. Ìpẹ̀kun òpópónà wa ni ilé-iṣẹ́ náà gba ilé sí fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, àwa sì ń pe ilé náà ní káǹpù. Ọkùnrin tó ń se oúnjẹ níbẹ̀, ẹ̀wà nìkan ló mọ̀ ọ́n sè, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n sè.

Ibẹ̀ ni àṣà wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí Bísíkíìtì bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nílé, ilé kọ̀ọ̀kan á mú agbábọ́ọ̀lù kan, wọ́n á fún un lóúnjẹ gidi kó tó lọ sí pápá. N kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀, mo kàn dáyé bá a ni. Kò sí ẹni tó ń sọ pé agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ni ẹni yìí, ọmọ ilé wa là ń wí. Màmá Aládùúrà tó ń gbé òdìkejì wa, tí kì í bọ́ aṣọ funfun àfi bó bá ń wẹ̀, ló ni ẹni tó ń gbá apá ọ̀tún. Ilé télọ̀ ló ni ti apá òsì. Bí apá ọ̀tún bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, Màmá Aládùúrà á rìn gba iwájú ilé télọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta láìní ibi tí ó ń lọ.

Tiwa ni Bọ̀ọ̀dá Ràsákì, aṣọ́lé, ọmọ Ìgbòho. Ṣakí ni bàbá àti màmá mi ti wá, Ìgbòho kò sì jìnnà sí Ṣakí, nítorí náà kò sẹ́ni tó bá wa du ú. Onítẹ̀bọmi ni wá, Mùsùlùmí ni òun, ṣùgbọ́n iyán kì í béèrè ẹ̀sìn. Ó ga débi pé ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Bó bá jẹun tán, á gbé ọsàn méjì, á máa jù wọ́n sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní ọwọ́ ẹni tó ń jù ú kọ́ ni kí n wò, ọsàn gan-an ni kí n wò. Èmi ni àkọ́bí, n kò ní ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni ojoojúmọ́ ni Ṣadé, ọmọ ọmọ Màmá Aládùúrà, ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta dẹ́rù bà mí. Ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá Ràsákì dé ni mo tó lẹ́nu.

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún ni nǹkan dàrú. Bísíkíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù, àti nílé àti lóko. Àwọn ọmọ Mọ́kọ́lá ní ilé-ìwé wa kò jẹ́ ká sinmi. Bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á ṣe ọwọ́ bí ẹni ń ki nǹkan bọ inú ife tíì, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wò ó tàánútàánú, wọ́n á ní ó ti rọ̀. Mo bá ọ̀kan jà nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo gba ẹgba mẹ́fà nílé-ìwé, mo sì gbé pákó rédíò títí ìròyìn òyìnbó fi parí nílé. Ṣùgbọ́n mo rí bàbá mi tó ń rẹ́rìn-ín sínú.

Alága ẹgbẹ́ ni a kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ọ̀gá kan ni nílé-iṣẹ́ náà, Jericho ló ń gbé. Bí a bá borí, ẹ ó rí i láàárín pápá, agbádá rẹ̀ á máa gbálẹ̀, á máa bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá nà wá, mọ́tò rẹ̀ á ti kúrò kí fèrè tó dún. Ó ti pààrọ̀ kóòṣì lẹ́ẹ̀mẹta kí ọyẹ́ tó dé. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n rà fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, páálí bísíkíìtì ló fi ń kó lọ sí Ìlọrin, àwọn ọmọ wa á sì há ara wọn mọ́ inú takisí lọ sí pápá, orúnkún ẹnì kan ní ihò etí ẹnì kejì.

Èyí tó wá dùn wá jù ni ti Dípò, àbúrò ìyàwó alága. Iwájú pátápátá ni wọ́n fi í sí, níbi tí a ti ń wá ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Irun jẹ́rí-kọ́ọ̀lù ló wà lórí Dípò, ó ń dán, ó ń kán epo sí ọrùn aṣọ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ lókè, gbogbo wa á dìde, a ó pariwo pé kó kàn án, Dípò á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè kọjá. Kì í gbé ní káǹpù. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Jericho ló wà, kò sì sí ilé kan ládùúgbò wa tó mú un ní ọmọ.

Ká má parọ́, àwọn ọmọ tiwa náà ní àléébù. Ẹni tó ń gbá apá òsì sá fún ìdánrawò ó lọ wo sinimá ní Dúgbẹ̀, ó sì bá kóòṣì pàdé nínú sinimá náà. Bọ̀ọ̀dá Ràsákì gan-an jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, nítorí pé èmi àti màmá mi ló ń juwọ́ sí. Ó jọ pé ìdajì ẹ̀bi ọ̀hún jẹ́ tiwa, a kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi ni akọ̀wé àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ládùúgbò, ó sì mú iṣẹ́ náà bí iṣẹ́ ìjọba. Lẹ́tà mẹ́rin ló kọ sí alága. Kó tó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, á kọ́kọ́ kà á sétí gbogbo ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ní kó fi ata díẹ̀ sí i, á sì fi sí i. Èsì kò dé. Níkẹyìn ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gun màṣíìnì rẹ̀ lọ sí Olúyọ̀lé fúnra rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sọ fún un pé alága wà nínú ìpàdé, ó sì fún un ní páálí bísíkíìtì kan tó ti rún. Bàbá mi gbé e wálé. Kò jẹ ẹ́, kò sì jẹ́ ká jẹ ẹ́. Ó gbé e sókè nínú ṣọ́ọ̀bù láàárín àwọn rédíò, ó ní ẹ̀rí ni. Ẹ wo bí ọmọ á ṣe máa gbálẹ̀ lábẹ́ bísíkíìtì lójoojúmọ́ tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré kí ọdún bọ́ọ̀lù parí, ẹgbẹ́ kan tí a kò kà kún wá nà wá nílé, ó nà wá bí ẹni lu bàrà. Lálẹ́ ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó lè jẹun. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo àwọn baálé pé jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Inú bí wọn. Wọ́n ní alága kò gbọ́ tiwọn, ọwọ́ wọn kò sì tó o. Ẹnì kan wá ní àwọn agbábọ́ọ̀lù ni ọwọ́ tó, oúnjẹ ta ni wọ́n ń jẹ? Ibẹ̀ ni òfin ti jáde. Bàbá mi fi bírò búlúù àti ọwọ́ rẹ̀ tó dára kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́wàá, ó ní kí n fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kọ ni pé láti ọjọ́ náà lọ, ilé kankan kò gbọdọ̀ fún agbábọ́ọ̀lù Bísíkíìtì lóúnjẹ títí wọn yóò fi ronú pìwà dà, ẹni tó bá sì rú òfin yóò fojú ba ìpàdé.

Màmá mi ka tilé wa lórí ìdúró, ó ń gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ dànù. Kì í bá bàbá jiyàn níwájú èèyàn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bọ́ọ̀lù ló ṣẹ̀ yín, kì í ṣe ikùn ọmọ ọlọ́mọ."

Bàbá dá a lóhùn pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Màmá mi ní òun ti gbọ́, ó sì wọlé lọ.

Ohun tó wà nílẹ̀ kò kéré. Bí a bá ta ọ̀mì nínú bọ́ọ̀lù tó kù yìí, a ó ráyè dúró. Bí wọ́n bá nà wá, Bísíkíìtì á já bọ́ sí ìpele tó wà nísàlẹ̀, alága sì ti ránṣẹ́ pé òun ò ní ṣe ẹgbẹ́ mọ́ nìyẹn, òun á ti káǹpù pa, kí kálukú máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Ràsákì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nídìí ẹ̀rọ omi. Ó ní oko tábà bàbá òun ṣì wà ní Ìgbòho, òun á padà síbẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ju ọsàn sí mi lọ́jọ́ náà. Mo gbé garawa mi dé ilé, mo jókòó ti odó, mo sì sunkún títí imú mi fi dí. Mo gbàdúrà sí Ọlọ́run Onítẹ̀bọmi, mo sì bẹ Ṣadé kó bá mi sọ fún ti Aládùúrà náà.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni bọ́ọ̀lù náà bọ́ sí, ọjọ́ ìmọ́tótó. Ẹ rántí ayé àwọn ológun: mọ́tò kò gbọdọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá, gbogbo ilé á máa gbálẹ̀, á máa gé koríko, á máa kó ìdọ̀tí lọ sí ààtàn. Ààtàn tiwa, ẹ̀gbẹ́ káǹpù ló wà. Ohun tó yà mí lẹ́nu láàárọ̀ ọjọ́ náà ni pé kò sí ilé tí odó kò ti ń dún tàbí tí epo kò ti ń ta nínú páànù. Bàbá mi béèrè ohun tó dé tí gbogbo àdúgbò ń se àsè lọ́jọ́ ìmọ́tótó. Màmá mi ní òun ò mọ ti ẹlòmíràn o, tiwọn ni òun ń gún. Ó gbé iyán síwájú bàbá lóòótọ́. Bàbá jẹ ẹ́, kò béèrè mọ́.

Nígbà náà ni màmá mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ti fi ọṣẹ àti eérú fọ garawa ìdọ̀tí títí tó fi ń dán. Ó gbé abọ́ iyán sínú rẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ní ẹran bí ọwọ́ mi mẹ́ta lé e, ó fi àwo bò ó, ó tẹ́ ìwé ìròyìn lé e, ó wá da ewé gbígbẹ sórí gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n gbé e lọ fún Bọ̀ọ̀dá Ràsákì lẹ́yìn ògiri káǹpù. Kò sọ pé kí n má sọ fún bàbá. Ojú tó fi wò mí ti sọ ọ́.

Mo bá Bọ̀ọ̀dá lábẹ́ máńgòrò. Nígbà tí mo ṣí ewé kúrò, ó kọ́kọ́ wo garawa, ó wá wò mí. Ó ṣan ọwọ́, ó jẹ iyán náà tán pátápátá, ó fi ìka gbá ọbẹ̀ tó kù nínú abọ́. Mo rí i pé omi wà lójú rẹ̀, mo rò pé ata ni. Ó ní kí n kí màmá mi, kí n sọ fún wọn pé bọ́ọ̀lù kankan ò ní wọlé lónìí.

Bí mo ti ń padà bọ̀, mo pàdé Ṣadé. Garawa ìdọ̀tí wà lórí òun náà, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni ru ẹyin, kò sì fẹ́ wo ojú mi. Mo gbóòórùn àkàrà gbígbóná. Ẹ wo bí ọmọdé ṣe gọ̀ tó: èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi garawa gbé iyán, mo ní ilé Màmá Aládùúrà mà lówó o, àkàrà tó dára báyìí ni wọ́n ń dà sí ààtàn.

Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, bàbá mi gun màṣíìnì, ó ní òun ń lọ ra lẹ́ẹ̀dì ní Mọ́kọ́lá. Ó pẹ́ kó tó dé, ọwọ́ òfìfo ló sì gbé bọ̀. Màmá mi béèrè lẹ́ẹ̀dì. Ó ní wọn ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ní aago mẹ́rin, gbogbo wa ti wà ní pápá. Bọ̀ọ̀dá Ràsákì ló ṣíwájú àwọn ọmọ wa wọlé, ó ń rìn bí aboyún tí oṣù rẹ̀ pé. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá sí i, ó na ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Bọ́ọ̀lù wọlé. Ariwo sọ lọ́dọ̀ àwọn àlejò. Apá ọ̀tún sáré díẹ̀, ó dúró, ó di ìhà mú. Apá òsì jókòó, ó ní bàtà òun ló tú. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń sáré bó ṣe yẹ ni Dípò onírun, a sì ń wò ó tìyanu tìyanu. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé alága ti ta àwọn ọmọ náà, pé ó ti fún wọn ní nǹkan mu. Mo wo màmá mi. Màmá mi ń wo ilẹ̀.

Ní ìsinmi ìdajì eré, Bọ̀ọ̀dá Ràsákì lọ sẹ́yìn àwọ̀n, ó bì. Ó bì títí kóòṣì fi dì í lẹ́yìn mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà wọlé, ẹ̀yin èèyàn mi, ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Ó fò sí ọ̀tún, ó fò sí òsì, ó fi orí ìka gbá ọ̀kan sí òkè òpó. Mo ń sọ sínú pé ọsàn gan-an ni kó wò, kó má wo ọwọ́ wọn. Àkókò ń lọ, àwọn àlejò ṣì fi ẹyọ kan ṣíwájú, bàbá mi sì ti ṣí fìlà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí fèrè dún, apá ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù kan wá láti igun. A pariwo pé kí Dípò kàn án. Dípò ṣe bó ṣe máa ń ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí irun rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí bọ́ọ̀lù náà kò ga bó ti rò. Ibi tó bẹ̀rẹ̀ sí gan-an ló ti pàdé rẹ̀, ó ba àárín orí rẹ̀, ó sì wọ inú àwọ̀n lọ. Gbogbo pápá dìde. Dípò nìkan ni kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ń fọwọ́ tún irun rẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n gbé e sókè. Wọ́n ní ẹni tó mú bọ́ọ̀lù náà lẹ́yìn ìyẹn kò lè dì í mú dáadáa nítorí epo. A ta ọ̀mì. A dúró. Bàbá mi gbé mi lé èjìká, èmi tí mo ti ga tó báyẹn, ó sì gbé mi dé ẹ̀bá títì kó tó rántí pé ẹ̀yìn ń dùn ún.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, kóòṣì wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi pẹ̀lú Bọ̀ọ̀dá Ràsákì. Inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹni tó fẹ́ fi oúnjẹ pa aṣọ́lé òun. Wọ́n ránṣẹ́ pe gbogbo ilé. Bàbá mi gbé ìwé jáde, ó di bírò mú, ó ní ẹni tó bá rú òfin kó jáde. Kò sẹ́ni tó mira. Màmá Aládùúrà ń ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ bí ẹni tí kò gbédè. Bàbá mi wá kọjú sí Bọ̀ọ̀dá Ràsákì, ó ní kó dárúkọ wọn.

Bọ̀ọ̀dá ní iyán ni òun kọ́kọ́ jẹ, láti ilé akọ̀wé fúnra rẹ̀. Màmá mi kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ní òun ni. Kí bàbá tó la ẹnu, Bọ̀ọ̀dá ní àkàrà àti ẹ̀kọ tẹ̀lé e, láti ọ̀dọ̀ Màmá Aládùúrà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀wà àti dòdò ilé télọ̀. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Olúkúlùkù ti bọ́ ọmọ tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó sì ti fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí aṣọ́lé, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wa wà. Olúkúlùkù rò pé òun nìkan ló láàánú. Bọ̀ọ̀dá wá ní ìrẹsì àti ẹran ló gbẹ̀yìn, kò sì dárúkọ ilé. Bàbá mi kò kọ ìyẹn sílẹ̀. Kóòṣì béèrè ẹni tó fún un ní ìrẹsì. Bọ̀ọ̀dá wolẹ̀, ó ní Mọ́kọ́lá ni òun ti jẹ ẹ́.

Màmá mi dìde lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Ó wo bàbá mi dáadáa, ó ní, "Lẹ́ẹ̀dì."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àwọn ẹyẹ tó wà lórí wáyà fò lọ. Bàbá mi bo ojú pẹ̀lú ìwé tó mú dání. Kóòṣì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè lọ́wọ́ Bọ̀ọ̀dá Ràsákì pé ṣé kò ní ẹnu láti sọ pé òun ti yó ni.

Bọ̀ọ̀dá dáhùn, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lẹ òfin yẹn, mo rò pé wọ́n ti kọ̀ mí. Nígbà tí iyán dé, mo jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí àkàrà dé, mo ní bí n kò bá jẹ ẹ́, wọ́n á rò pé mò ń bínú sí àwọn náà. Ta ni mo fẹ́ kọ tiẹ̀ nínú wọn?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé omi tí mo rí lójú rẹ̀ lábẹ́ máńgòrò kì í ṣe ti ata. Màmá Aládùúrà fi etí aṣọ funfun nu ojú. Bàbá mi dìde, ó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ya òfin kúrò lára ògiri wa, ṣùgbọ́n mo ti fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ jù. Ìdajì rẹ̀ ló ya, ìdajì tó kù wà níbẹ̀ títí a fi kó kúrò nínú ilé náà. Ó wá gbé páálí bísíkíìtì sọ̀ kalẹ̀ láti àárín àwọn rédíò, ó ní ká jẹ ẹ̀rí náà. Ó ti bu.

Alága dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé orí Dípò yóò wúlò. Ọdún méjì sí i ni ẹgbẹ́ náà lò. Bọ̀ọ̀dá Ràsákì sì ń tẹ̀ ba wọ ilé wa ní gbogbo ọjọ́ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ilé kan péré ló ti ń jẹun.

Bódìjà ni mò ń gbé báyìí. Ibi tí káǹpù wà ti di ilé epo, ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ti di ibi tí wọ́n ń kó táìlì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé sí. Ọmọ mi ọkùnrin náà ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ tó fẹ́ràn, lókè òkun ni wọ́n wà. Bí wọ́n bá pàdánù, á bú alága, á bú kóòṣì, á bú aṣọ́lé, kò ní jẹun títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo máa ń wò ó, àánú rẹ̀ á ṣe mí. Àwa náà bú tiwa, a tiẹ̀ bú wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Aṣọ́lé tí ọmọ mi ń bú, kò mọ̀ pé Ìbàdàn wà láyé. Kò sí òfin tí ọmọ mi lè lẹ̀ mọ́ ògiri tí yóò dun ẹni náà, kò sì sí garawa tó lè ru lọ bá a.

Lọ́dún tó kọjá, Bọ̀ọ̀dá Ràsákì wá láti Ìgbòho láti tọ́jú ojú rẹ̀. Ó ti darúgbó, kò nílò àtitẹ̀ ba lẹ́nu ọ̀nà mi mọ́. Mo gún iyán fún un, iyán odó, mo se ẹ̀gúsí bí màmá mi ṣe máa ń sè é. Ó ṣan ọwọ́, ó wo ojú fèrèsé, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ béèrè pé, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló tún mọ̀ pé mo dé?"

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ti lọ, màmá ti lọ, Màmá Aládùúrà ti lọ, wọ́n ti ta ilé télọ̀. Mo ní kí Bọ̀ọ̀dá fọkàn balẹ̀, kí wọ́n jẹ oúnjẹ wọn, ilé kan péré ló kù.

Lẹ́yìn náà ó ti abọ́ padà sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Tó bá jẹ́ ilé kan péré ló kù, bu tàwọn yòókù mọ́ ọn."